Ẹsẹ̀ Mi Kọ̀ ní Ìdajì Òkè: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Kẹ̀kẹ́ Gba Orí Òkè Ńlá Kọjá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kìlómítà 100 kì í dá mi lágara ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gun òkè gígùn kan, ẹsẹ̀ mi kọ̀ ní ìdajì ọ̀nà. Stelvio, ọ̀nà kan tó gba orí òkè ńlá kọjá ní Ítálì, ni mo fẹ́ gùn lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Ó jọ pé ìsàlẹ̀ lẹ ti ná agbára yín tán. Ẹ jẹ́ ká fi Stelvio yẹn ṣírò. Láti Prato, ìlú kékeré tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà 24, ó sì ń gòkè ní bíi mítà 1,800 kó tó dé orí, níbi tó fi mítà 2,757 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. Ẹni tó ti múra dáadáa lè gun mítà 600 sí 800 sókè ní wákàtí kan. Wákàtí méjì àti díẹ̀ sí mẹ́ta nìyẹn, láìsí ibi tẹ́ẹ ti máa sinmi ẹsẹ̀. Ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ lè dá ẹsẹ̀ dúró kí kẹ̀kẹ́ ṣì máa yí lọ. Lórí òkè, bí ẹsẹ̀ bá dúró, kẹ̀kẹ́ dúró.

Kọ́nà 48 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí wọn láti 48 wá sí 1. Kìlómítà mélòó kan wà kẹ́ẹ tó kan àkọ́kọ́ rẹ̀, kò sì le tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Níbẹ̀, kẹ́ẹ máa dán ara yín wò: bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láì mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ dẹwọ́. Àwọn kan á ré yín kọjá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Ìbéèrè: Eyín 39 níwájú àti 25 lẹ́yìn ni gíà tó fúyẹ́ jù lórí kẹ̀kẹ́ mi. Ṣé ó tó?

Ìdáhùn: Kò tó, àyàfi tẹ́ẹ bá jẹ́ eléré ìje. Ká ní kìlómítà 9 ní wákàtí kan lẹ̀ ń lọ. Pẹ̀lú gíà yín yìí, ẹsẹ̀ yín á máa yí bíi ìgbà 46 ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo ìtẹ̀ á sì dà bí ìgbà téèyàn ń ti ògiri. Pẹ̀lú 34 níwájú àti 34 lẹ́yìn, á tó ìgbà 71, orúnkún á sì rọ̀. Kẹ́ẹ tó rà á, ẹ bi ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe bóyá apá tó ń gbé ṣéènì láti gíà kan sí òmíràn lẹ́yìn lè gba eyín 34. Ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kò lè gbà á.

Ìbéèrè: Ìsọ̀kalẹ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Táyà iwájú mi bẹ́ nígbà kan tí mò ń sọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ìṣó kankan lójú ọ̀nà.

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o. Bí bíréèkì yín bá jẹ́ irú èyí tó ń fún etí rímù, tẹ́ẹ sì dì í mú láti òkè délẹ̀, ooru ló fà á: rímù á gbóná, afẹ́fẹ́ inú táyà á fẹ̀, rọ́bà inú á sì bẹ́. Ẹ má dì í mú pẹ́. Bí kọ́nà bá ku díẹ̀, ẹ tẹ méjèèjì dáadáa, kí eré ti dínkù kẹ́ẹ tó yà, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ tú u sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí rímù. Bíréèkì alàwo, ìyẹn èyí tó ń fún àwo irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kì í mú rímù gbóná, ṣùgbọ́n òun náà máa ń gbóná dé ibi tí kò ní mú dáadáa mọ́, nítorí náà bákan náà ni kẹ́ẹ ṣe é.

Òtútù tún wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kẹ́ẹ fojú kéré rẹ̀. Tí èèyàn bá fi mítà 1,000 gòkè, ooru ojú ọjọ́ sábà máa ń dínkù ní bíi 6.5 lórí ìwọ̀n Celsius. Bó bá jẹ́ 22 nísàlẹ̀, ẹ lè bá 10 lókè, kí atẹ́gùn ìsọ̀kalẹ̀ tó kún un. Ìgbà kan wà tí mo dúró pẹ́ lórí òkè, tí òógùn ti rin aṣọ mi gbingbin. Ìka mi kò lè di sípì jákẹ́ẹ̀tì mú, eyín ni mo fi fà á. Nígbà tí mo dé kọ́nà kẹta, mò ń wo ọwọ́ mi kí n lè mọ̀ bóyá ó ń tẹ bíréèkì lóòótọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, mo ki ọwọ́ bọ abíyá títí ẹ̀jẹ̀ fi padà sínú rẹ̀. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì yín gbàrà tẹ́ẹ bá dé orí òkè, kẹ́ẹ sì ní ìbọ̀wọ́ gbígbẹ nínú àpò. Ìwé ìròyìn tí àwọn eléré ìje àtijọ́ máa ń tẹ́ sábẹ́ aṣọ láyà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n lọ?

Ìdáhùn: Yìnyín ń ti ọ̀nà náà pa nígbà òtútù. Láàárín òpin oṣù May sí June ni wọ́n sábà máa ń ṣí i. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tó ṣáájú bóyá wọ́n ti ṣí i, kẹ́ẹ sì gbéra láàárọ̀ kùtù, torí ọ̀sán ni àrá sábà máa ń sán lórí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ bá gbọ́ ọ nígbà tí kọ́nà ṣì pọ̀ níwájú, ẹ yí padà.