Àwọn Àṣìṣe tí ó Wọ́pọ̀ nínú Fífi Ìbọn Pamọ́ sí Ilé

Ní Àkúrẹ́, ní Ìdànrè àti ní ìlú Oǹdó, ìbọn kì í ṣe ohun àjèjì nínú ilé. Àwọn ọdẹ ní ṣakabùlà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ olóko kòkó ní in, àwọn mìíràn sì ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá láti ní ṣọ́tígọ́ọ̀nù nítorí oko tàbí nítorí ààbò ilé. Láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fi òfin gbé ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní ọdún 2020, ọ̀rọ̀ ààbò kò kúrò lẹ́nu wa mọ́. Síbẹ̀, a kì í sábà sọ pé ìbọn tí olè bá jí nínú ilé wa kò ní dùbúlẹ̀ lásán sí ọwọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀nà ni yóò gbé e lọ, tàbí ilé aládùúgbò wa. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ibi tí ènìyàn ń fi ìbọn rẹ̀ sí ṣe pàtàkì tó ìwé àṣẹ tí ó fi rà á.

Àṣìṣe tí ó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ni ìgbàgbọ́ pé séèfù, ìyẹn àpótí irin tí a ń ti ìbọn mọ́, kì í ṣe é fọ́. Kò sí séèfù tí olè kò lè fọ́ bí ó bá ní irinṣẹ́ tó yẹ, tí ẹnikẹ́ni kò sì dí i lọ́wọ́. Ohun tí séèfù ń ṣe ni pé ó ń jẹ àkókò olè. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ UL tí ó ń ṣe àyẹ̀wò ohun èlò ààbò máa ń yẹ àwọn séèfù ilé wò kí ó tó fi àmì RSC, ìyẹn àmì àpótí ààbò ilé, sí wọn lára, ìpele àkọ́kọ́ nínú àyẹ̀wò náà sì ni pé kí ẹnì kan ṣoṣo fi òòlù, ọ̀pá irin àti irú irinṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ dojú kọ séèfù náà fún ìṣẹ́jú 5 láìrí i ṣí. Ìṣẹ́jú 5 péré! Nítorí náà, bí ilé bá dá páropáro láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí kò sí ajá, tí kò sì sí aládùúgbò tí ó lè gbọ́ ariwo, séèfù nìkan kò tó. Ẹni tí ó ń rìnrìn àjò lọ síbi ìsìnkú tàbí ọdún gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò sùn nínú ilé.

Owó séèfù tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun ga, nítorí náà wẹ́dà ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ bá. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, nítorí wẹ́dà tí ó mọṣẹ́ ní ọ̀nà Oyèmẹ́kùn lè ṣe àpótí irin tí ó lágbára ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ. Ibi tí a ti ń ṣìṣe ni pé a kì í sọ irú irin tí a fẹ́. Bí wẹ́dà bá bi yín pé gèèjì mélòó, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí irin ṣe nípọn tó, ẹ má ṣe rò pé 16 nípọn ju 12 lọ. Bí nọ́ńbà gèèjì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni irin ń fẹ́lẹ́ sí i: gèèjì 12 tó nǹkan bíi mìlímítà 2.7, gèèjì 14 kò sì ju bíi mìlímítà 1.9 lọ. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lo irin tí ó fẹ́lẹ́ ju gèèjì 12 lọ fún àpótí ìbọn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tilẹ̀kùn àpótí náà, kí ẹ sì fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká. Bí àlàfo tí ó wà láàárín ilẹ̀kùn àti férémù bá gba ẹnu dígà, olè kò nílò kọ́kọ́rọ́ kankan. Yóò ki ẹnu dígà bọ ibẹ̀, yóò gbára lé e, irin náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká láti igun. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe ilẹ̀kùn náà kí ó wọ inú férémù, kí ó má ṣe jókòó lé e lórí, kí ó sì jó irin mìíràn mọ́ ẹ̀yìn férémù tí ilẹ̀kùn yóò fara tì. Àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù pé olè yóò gé hínjì tí ó wà níta, ṣùgbọ́n bí ọ̀pá irin bá wà ní ẹ̀gbẹ́ hínjì tí ó ń wọ inú férémù nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì, gígé hínjì kò ní ṣí i. Ohun tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù ni àgádágodo tí a so kọ́ sí ìta, nítorí pé ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin yóò gé etí tí a fi kọ́ ọ kí ènìyàn tó pajú dé. Ìtì inú ni kí ẹ béèrè fún, kí ọ̀pá rẹ̀ má sì dín ní mẹ́ta.

Àìdè é mọ́lẹ̀ ni àṣìṣe tí mo rí jù lọ. Séèfù tí ọkùnrin mẹ́rin gbé wọlé, ọkùnrin mẹ́rin lè gbé e jáde, kí wọ́n sì lọ fọ́ ọ ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní dí wọn lọ́wọ́. Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti inú, kí ẹ fi bóòtì ńlá dè é mọ́ ilẹ̀ kọnkéré. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ògiri búlọ́ọ̀kù nìkan, nítorí pé inú búlọ́ọ̀kù wa sábà máa ń ṣófo, bóòtì kì í sì í di inú òfìfo mú. Igun yàrá ni ó dára jù lọ, níbi tí ògiri méjì kò ti ní jẹ́ kí olè rí ààyè fi dígà wọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wọn ìbọn yín láti ẹnu dé ìdí. Séèfù kékeré tí wọ́n ń tà fún owó àti ìwé ilẹ̀ kò gba ìbọn gígùn, pàápàá ṣakabùlà, ẹni tí ó bá sì ti ná owó rẹ̀ tán lórí rẹ̀ yóò padà fi ìbọn sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tàbí abẹ́ ibùsùn.

Ní ti kọ́kọ́rọ́, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Orí férémù ilẹ̀kùn, abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, àpò agbádá tí a fi kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù: gbogbo ibi wọ̀nyí ni kólékólé máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Àwọn ọmọ ilé mọ ibẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí ó bá ń wo bàbá rẹ̀ bí ó ṣe ń na ọwọ́ sókè mú kọ́kọ́rọ́ yóò mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura, ohun tí ìbọn sì lè ṣe lọ́wọ́ ọmọ kò ṣe é fẹnu sọ. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lára ẹni tí ó ni ìbọn, tàbí kí ó lo séèfù onínọ́ńbà. Bí ẹ bá lo onínọ́ńbà, ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà tí ó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé e wọlé, ẹ má sì lo ọjọ́ ìbí. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá gbá orí wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ nígbà tí ó ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n á ṣí. Ẹ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má sì ti kọ́kọ́rọ́ àfirọ́pò rẹ̀ mọ́ inú séèfù náà, nítorí ọjọ́ tí bátìrì bá kú ni ẹ ó nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tù ni mo fẹ́ kí àwọn ọdẹ fetí sí jù lọ. Ó dà bí ọgbọ́n pé kí a ti ìbọn àti ẹ̀tù pọ̀ mọ́ inú àpótí irin kan náà, ṣùgbọ́n ewu ńlá ni. Ẹ̀tù tí iná bá mú ní gbangba yóò jó fàì. Èyí tí iná bá mú nínú irin tí a tì pa kò ní rí ibi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná rẹ̀ yóò gbà jáde, yóò fọ́ àpótí náà, irin rẹ̀ yóò sì máa fò kiri ilé. Àpótí igi tí pákó rẹ̀ nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 25 ni ó yẹ ẹ̀tù, kí ó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí ó sì jìnnà sí ilé ìdáná, sí jẹnẹrétọ̀ àti sí kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù. Ọta ṣọ́tígọ́ọ̀nù náà kò gbọ́dọ̀ bá ìbọn gbé. Ẹ yọ ọta kúrò nínú ìbọn pátápátá kí ẹ tó tì í mọ́lé, kí olè tí ó bá rí ọ̀kan má baà rí èkejì.

Ọ̀rinrin ń ba ìbọn jẹ́ nínú séèfù, pàápàá ní àsìkò òjò wa tí ó ń lọ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá. Séèfù tí wọ́n ní iná kì í jó sábà máa ń ní ohun bíi sìmẹ́ǹtì funfun nínú ògiri rẹ̀ tí ó ń pa omi mọ́ra, omi yìí sì máa ń jáde díẹ̀díẹ̀ sínú rẹ̀. Ìdọ̀tí ẹ̀tù tí ó kù nínú ọ̀pá ṣakabùlà tún máa ń fa omi, nítorí náà ẹni tí ó dé láti oko tí ó ti ìbọn mọ́lé láìfọ̀ ọ́ yóò bá a níbẹ̀ tí ó ti dípẹtà. Ẹ fi omi gbígbóná fọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, ẹ fi epo ra á, kí ẹ sì fi àpò kékeré tí ń fa ọ̀rinrin sínú séèfù. Ẹ má ṣe fi ìbọn sínú àpò awọ kí ẹ tó tì í mọ́lé, nítorí awọ ń pa omi mọ́.

Àwọn kan á ṣe gbogbo èyí nílé, wọ́n á sì fi ìbọn kejì sílẹ̀ sí abà lóko, tí pákó lásán jẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìbọn kò gbọ́dọ̀ sùn sí ibi tí olówó rẹ̀ kò sùn sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi ìbọn kọ́ sí ògiri pálọ̀ kí àlejò lè rí i, tàbí gbígbé àwòrán rẹ̀ sórí WhatsApp. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé séèfù wọlé nínú ohun tí ó bò ó, ẹ má sì sọ ohun tí ó wà fún fún àwọn tí ó gbé e.

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo wa. Ṣakabùlà àti ṣọ́tígọ́ọ̀nù tí kì í ṣe aládàáyìn nílò ìwé àṣẹ, ìbọn ìléwọ́ sì wà lára èyí tí òfin kà léèwọ̀ fún ará ìlú láìgba àṣẹ Ààrẹ. Séèfù kò sọ ìbọn tí kò ní ìwé di ti òfin. Ẹ ya àwòrán ìbọn yín àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ àti ẹ̀dà ìwé àṣẹ pamọ́ sí ibòmíràn tí kì í ṣe inú séèfù kan náà. Bí olè bá gbé e lọ, ẹ má ṣe dúró kí ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ ẹbí tàbí kí ẹ wá a fúnra yín. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà yẹn, kí ẹ sì gba ìwé tí ó fi hàn pé ẹ ti fi tó wọn létí.