Ẹ Má Tíì Ra Tọ́bò Mìíràn: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Àwọn Nǹkan Tó Ń Ṣọ́ Boost

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, owó mi ni mo fi kọ́ ọ. Passat tòkunbọ̀ ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì 1.8 tó ní tọ́bò. Láàárín ìgboro Iléṣà, láti ilé dé ọjà Àtàkúnmọ́sà, kò sóhun tó ṣe é. Àmọ́ kó dojú kọ àwọn òkè ọ̀nà Àkúrẹ́, níbi tá a ti ń sún mọ́ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ, bọ́ọ̀sì tó kó iṣu á sì gbà á kọjá. Mẹkáníìkì kan wò ó, ó ní tọ́bò ti kú. Mo ra òmíràn, wọ́n dè é, ọkọ̀ ò yí padà. Ìgbà tó yá la rí i pé awọ rọ́bà kan tí kò tó ẹnu ife ló ya nínú diverter valve, fáàfù tó ń dá afẹ́fẹ́ tọ́bò padà tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tùlù. Boost, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń fún pọ̀ wọ ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ló ń gbà padà sẹ́yìn.

Àṣìṣe tó ń jẹ owó jù nìyẹn: ká dá tọ́bò lẹ́bi ká tó wo àwọn nǹkan kéékèèké tó ń ṣọ́ ọ.

Tọ́bò ò yàtọ̀ sí ẹwìrì tí alágbẹ̀dẹ fi ń fínná, àfi pé èéfín ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń tì í. Èéfín tó ń lọ sí sáláńsà ń yí abẹ̀bẹ̀ kan; ọ̀pá kan náà so ó mọ́ abẹ̀bẹ̀ kejì tó ń ki afẹ́fẹ́ bọ ẹ́ńjìnnì. Yíyí rẹ̀ máa ń ju 100,000 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ á jó epo púpọ̀, epo púpọ̀ á mú èéfín pọ̀, èéfín á tún mú abẹ̀bẹ̀ sáré sí i. Tá a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Wastegate ló ń dá a dúró. Ilẹ̀kùn kékeré ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ̀bẹ̀ èéfín. Tó bá ṣí, apá kan èéfín á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láì kan abẹ̀bẹ̀. Actuator, agolo tó ní awọ àti sípíríǹgì nínú, ló ń ṣí i: rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gbé boost wá bá awọ, awọ á ti ọ̀pá, ọ̀pá á ṣílẹ̀kùn. Sípíríǹgì yẹn ni mo máa ń pè ní òṣómàáló. Ẹ ṣáà mọ àwọn baba wa Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí wọn ò ní dìde àfi tówó bá pé. Sípíríǹgì 0.5 bar, ìyẹn nǹkan bíi 7 psi (bar àti psi la fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó), ti lóṣòó sẹ́nu ilẹ̀kùn wastegate nìyẹn. Ó di ìgbà tí boost bá pé 0.5 kó tó dìde.

Kí wá ni boost controller ń ṣe, ì báà jẹ́ èyí tá a ń fọwọ́ yí tàbí solenoid, fáàfù oníná tí bréènì bọ́ọ̀kìsì (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) ń darí? Irọ́ ló ń pa fún òṣómàáló. Owó ti pé, ó ní ìdajì ló ṣì wọlé, bàbá bá tún jókòó. Ó ń já lára afẹ́fẹ́ tó yẹ kó dé actuator, boost ń gòkè sí i. Irọ́ yìí ò sì lè mú kí bàbá dìde ṣáájú kówó tó pé. Ẹni tó bá lọ ra sípíríǹgì 1 bar lérò pé òun á fi controller rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 0.5 ti ṣìnà. Sípíríǹgì ni ìsàlẹ̀. Òkè nìkan ni controller lè lọ.

Lórí ọkọ̀ Volkswagen, N75 ni wọ́n ń pe solenoid yẹn, ó sì lẹ́nu mẹ́ta: ọ̀kan ń gba boost, ọ̀kan lọ sí actuator, ọ̀kan ń dá afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù padà síwájú tọ́bò. Tẹ́ ẹ bá yọ wáyà rẹ̀, gbogbo boost á lọ bá actuator, ọkọ̀ á sì dúró sórí ìwọ̀n sípíríǹgì. Ọ̀nà ìdánwò tó rọrùn nìyẹn. Èyí tí kò yẹ kẹ́nikẹ́ni ṣe ni kó yọ rọ́bà actuator kó sì wa ọkọ̀ lọ. Ta ni yóò sọ fún òṣómàáló pé owó ti dé? Ilẹ̀kùn ò ní ṣí rárá. Tí bréènì bọ́ọ̀kìsì bá gbọ́n, á dín agbára ọkọ̀ kù, á sì kọ kóòdù P0234 sílẹ̀, pé boost ti pọ̀ jù. P0299 ni òdìkejì rẹ̀, boost kò tó, òun ni tèmi kọ nígbà náà. Kò sọ pé tọ́bò kú. Èmi ni mi ò kà á dáadáa.

Rọ́bà gan-an ńkọ́? Mo ti rí ẹni tó fi rọ́bà omi wáípà rọ́pò rẹ̀, láìsí kílíìpù. Ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì á rọ̀ ọ́, á fẹ̀, á yọ. Ẹ ra rọ́bà silicone tàbí èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì fi kílíìpù mú un lójú méjèèjì.

Àwọn kan ò tiẹ̀ ní ra controller. Nọ́ọ̀tì tó wà lára ọ̀pá actuator ni wọ́n á fún kí ọ̀pá lè kúrú, kí ilẹ̀kùn lè pẹ́ kó tó ṣí. Boost á gòkè lóòótọ́. Géèjì ò sí, ẹnikẹ́ni ò wo bóyá injector, ẹnu tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì, lè pọn epo tó tó afẹ́fẹ́ tuntun yẹn. Epo tí kò tó á mú iná inú ẹ́ńjìnnì gbóná jù, ẹ́ńjìnnì á máa kan kókókó, písítìnì lè yọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra géèjì ná.

Ọ̀rọ̀ géèjì náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Géèjì fọ́kànáísà ka òdo nínú afẹ́fẹ́ lásán. Sẹ́ńsọ̀ MAP, èyí tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ṣe le tó, tẹ́ ẹ ń wò lórí scanner (ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀), kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń ka afẹ́fẹ́ ayé mọ́ ọn, kí ẹ́ńjìnnì tó jí rárá ó ti wà ní nǹkan bí 100 kPa, ìyẹn 1 bar. Ní Iléṣà á dín díẹ̀, torí ìlú wa ga ju Èkó lọ. Ẹni tó rí 200 kPa tó ń pariwo pé òun ní 2 bar, 1 bar ló ní.

Fọ́kànáísà tí mo dárúkọ yẹn: ẹ má gbé actuator lọ bá a láti dán an wò. Afẹ́fẹ́ 40 psi lè fa awọ inú rẹ̀ ya. Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ tó ní géèjì tó, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ wo ìgbà tí ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Àwọn ọmọkùnrin fẹ́ràn blow-off valve, fáàfù bíi diverter valve àmọ́ tó ń da afẹ́fẹ́ síta, nítorí ariwo rẹ̀, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ rí. Kì í fi boost kún nǹkan kan. Iṣẹ́ rẹ̀ wà níbi tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tùlù lójijì, tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ sì pa dé, kí afẹ́fẹ́ má bàa ta padà lu abẹ̀bẹ̀. Lórí ọkọ̀ tó ní sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tó ń ka iye afẹ́fẹ́ tó wọlé, tí valve bá da afẹ́fẹ́ síta, bréènì bọ́ọ̀kìsì ti ka afẹ́fẹ́ yẹn, ó sì ti tú epo rẹ̀. Èéfín dúdú á yọ, ọkọ̀ lè kú lójú ọ̀nà. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, kò tiẹ̀ sí iṣẹ́ kankan fún un.

Àìmọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1962, Oldsmobile gbé Jetfire jáde ní Amẹ́ríkà, tọ́bò àti wastegate wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ìgò omi àkànṣe tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Bí omi náà bá tán, fáàfù kan á dín boost kù. Àwọn tó ni ọkọ̀ gbàgbé láti bu omi kún un, wọ́n wá ń ráhùn pé ọkọ̀ ò lágbára.

Tọ́bò tí mo yọ nígbà yẹn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ìjẹta, ó ń yí gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́.