Kí Ọmọbìnrin Tó Fi Gọ́ọ̀fù Ṣe Iṣẹ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Yẹ Kó Yẹra Fún

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ọmọ ọdún 15 kan láti New Zealand, Lydia Ko, fàgbà han àwọn obìnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ Canadian Women's Open. 300,000 dọ́là ni ẹ̀bùn ẹni tó bá gbégbá orókè. Kọ́bọ̀ kò kan Lydia nínú rẹ̀, torí pé amateur ni, ẹni tí kì í fi gọ́ọ̀fù jẹun. Inbee Park tó ṣe ipò kejì ni wọ́n kó owó náà fún. Lọ́dún 2013, Lydia padà lọ, ó tún gba ife kan náà, owó tún kọjá lójú rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ló tó kéde pé òun ti di pro, ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun.

Ọ̀pọ̀ òbí tó bá gbọ́ èyí á ní owó ti ṣòfò. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí ilé máa rò pé ọjọ́ tí ọmọ bá ti na àgbà kan lórí pápá ló yẹ kó di pro. Pro kì í ṣe oyè, iṣẹ́ ni. Amateur tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dára lọ́sẹ̀ kan, ilé ló ń lọ. Tí pro bá gbá fún ọjọ́ méjì tí kò sí lára àwọn tí yóò gbá dé òpin, kò ní rí sọ́wédowó gbà, bẹ́ẹ̀ òun ló san owó ọkọ̀ òfurufú, òun ló san owó hòtẹ́ẹ̀lì, caddie rẹ̀, ẹni tó ń bá a gbé igi gọ́ọ̀fù, náà sì ń retí owó ọ̀sẹ̀.

Ẹ wo Rose Zhang. Ó gba US Women's Amateur lọ́dún 2020, ó gba ife NCAA, ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, lọ́dún 2022 àti 2023 (obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á lẹ́ẹ̀mejì), ó tún gba Augusta National Women's Amateur lọ́dún 2023, gbogbo rẹ̀ kó tó gba owó ìdíje kankan bíi pro. Ìdíje àkọ́kọ́ tó gbá gẹ́gẹ́ bíi pro, Mizuho Americas Open ní New Jersey ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó gbà á. Láti ìgbà Beverly Hanson lọ́dún 1951, kò sí obìnrin tó ṣe irú rẹ̀ ní LPGA, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje àwọn obìnrin pro ní Amẹ́ríkà. Ìṣẹ́gun ọjọ́ kan yẹn làwọn ènìyàn ń rí, wọn kì í ka ọdún méjì tó fi gbá fún yunifásítì Stanford. Lẹ́yìn tó di pro tán pàápàá, ó padà sí kíláàsì. Jennifer Kupcho tó nà lọ́jọ́ náà ti gba káàdì LPGA, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti máa gbá níbẹ̀, ní ìparí ọdún 2018, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n bá òun fi pamọ́ títí òun á fi parí yunifásítì. LPGA gbà fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún ọ pé ìwé àti gọ́ọ̀fù kò lè jọ rìn, má dá a lóhùn.

Àṣìṣe kejì kò ní ariwo, òun ni kí ọmọ má mọ òfin tó fi jẹ́ amateur. Lọ́dún 1935, àwọn aláṣẹ gọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà kéde pé pro ni Babe Zaharias, obìnrin agbágọ́ọ̀fù ilẹ̀ wọn. Ọdún 1943 ló tó rí ipò amateur rẹ̀ gbà padà. Láti ọdún 2022, òfin ti rọ̀ díẹ̀: amateur lè ṣe ìpolówó ọjà, kó sì gba owó lé e. Ṣùgbọ́n tó bá gba ẹ̀bùn tó ju 1,000 dọ́là lọ nínú ìdíje, tàbí tó ń gbowó láti kọ́ ẹlòmíì ní gọ́ọ̀fù, tàbí tó forúkọ sílẹ̀ bíi pro, kì í ṣe amateur mọ́. Ní àwọn kílọ́ọ̀bù wa ní Èkó àti Ìbàdàn, kì í ṣe ohun tuntun kí ọ̀gá kan sọ fún ọmọbìnrin tó mọ̀ ọ́n gbá pé, "Bá mi kọ́ ọmọ mi, màá fún ẹ lówó." Inúure ni lójú ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹ yẹ òfin wò kí ọmọ tó na ọwọ́ gbà á.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àìbìkítà nípa káàdì tí a ń kọ iye tí a gbá sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Michelle Wie pé ọdún 16, ó di pro, Nike àti Sony sì ti gbé àdéhùn olówó ńlá sílẹ̀ dè é. Samsung World Championship ní Palm Desert, California, ni ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ní ihò keje, bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọ inú igbó òdòdó. Òfin fún un láyè láti yọ ọ́, kó fi ọ̀kan kún iye tó gbá, kó sì jù ú sílẹ̀ níbi tí kò sún mọ́ ihò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó fojú wọn ibẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó gbá a lọ. Oníròyìn kan tó wà nítòsí rí i, ó rò pé ibẹ̀ ti sún mọ́ ihò jù, ọjọ́ kejì ló sì tó sọ fún àwọn adájọ́. Michelle ti parí ní ipò kẹrin nígbà tí wọ́n mú un padà sí ihò keje. Wọ́n na okùn, wọ́n wọn ilẹ̀: ó ti sún mọ́ ihò ju bó ti yẹ lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti buwọ́ lu káàdì láìfi ìjìyà náà kún un, ni wọ́n bá yọ ọ́ kúrò pátápátá. Owó tó lé ní 53,000 dọ́là lọ bẹ́ẹ̀.

Adájọ́ wà lórí pápá, ọ̀fẹ́ sì ni pípè é. Bí ilẹ̀ bá rú ọ lójú díẹ̀, gbé ọwọ́ sókè, kí o dúró títí yóò fi dé. Lọ́dún 2017, Lexi Thompson ń ṣíwájú ní ANA Inspiration kí wọ́n tó fi mẹ́rin kún iye tó gbá, méjì torí pé ó gbé bọ́ọ̀lù padà síbi tí kì í ṣe ààyè rẹ̀, méjì torí pé káàdì ọjọ́ náà kò tọ̀nà. So Yeon Ryu ló gba ife lẹ́yìn àfikún ihò.

Má ṣe pa gbogbo nǹkan dà lẹ́ẹ̀kan náà. Lydia Ko dé ipò kìíní lágbàáyé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17. Láàárín oṣù díẹ̀ ní ìparí ọdún 2016 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ó pààrọ̀ olùkọ́, ó pààrọ̀ caddie, ó pààrọ̀ igi tó fi ń gbá. Ọdún 2017 parí láìgba ife kankan. Ó padà bọ̀ sípò, ó gba wúrà Olympics ní Paris lọ́dún 2024, ó sì gba AIG Women's Open ní St Andrews lóṣù kan náà, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ti lọ. Bí olùkọ́ bá ní láti yí padà, jẹ́ kí igi ọwọ́ rẹ dúró ná.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ìdíje kéékèèké. Epson Tour ní Amẹ́ríkà àti LET Access ní Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé òkè. Bí aṣojú kan bá sì gbé ìwé àdéhùn wá kí ọmọ tó gba káàdì kankan, kí ìyá tàbí bàbá béèrè ohun méjì lákọọ́lẹ̀: èló ni yóò máa yọ nínú owó ọmọ, àti ọjọ́ wo ni àdéhùn náà máa parí.