Bí Mo Ṣe Rí Fìlà Tó Bá Kóòtù Mu Nínú Òtútù

Oṣù Kẹsàn-án ni àbúrò mi obìnrin pè láti Glasgow pé ìgbéyàwó òun ti bọ́ sí oṣù Kìíní. Bàbá wa ti kú, èmi sì ni àkọ́bí, torí náà èmi ni màá fà á lé ọkọ lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Agbádá la máa wọ̀ lọ́jọ́ ìdána, kóòtù dúdú lọ́jọ́ kejì. "Bọ̀dá mi, ẹ má gbàgbé fìlà o. Òtútù ibí máa ń mú etí." Lóṣù Kìíní, ọ̀sán gan-an ní Glasgow sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 péré lórí Celsius, òjò àti afẹ́fẹ́ kì í sì í jìnnà síbẹ̀. Àwa tí à ń wọ súwẹ́tà bí ọyẹ́ bá dé sí Abẹ́òkúta!

Ọjà Kútọ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ, lọ́dọ̀ àwọn olókìríkà. Mo rí fìlà wúùlù tí wọ́n fi ọwọ́ hun, ó bo etí, ó sì móoru. Mo wọ kóòtù sí i nílé, mo dúró níwájú dígí: kóòtù ń lọ sóde, fìlà ń lọ sóko. Mo bọ́ ọ sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní àkẹtẹ̀ òyìnbó tó nípọn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní homburg. Ìlú kan ní Jámánì ló ti gba orúkọ yẹn, Edward Keje ló sì sọ ọ́ di gbajúmọ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ àrẹ̀mọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí n má parọ́, ó bá kóòtù mu ju ohunkóhun lọ. Ṣùgbọ́n etí méjèèjì wà ní gbangba, etí kò sì ní ẹran tí yóò fi gbà á lọ́wọ́ òtútù. Bí mo bá sì bọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbo ni màá gbé e sí? Kò ṣeé ká.

Ìyá mi ló tú ọ̀rọ̀ náà. Ó lọ síbi àpótí, ó mú abetí ajá bàbá mi jáde, ó fa etí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀. "Kí lo rò pé wọ́n ṣe dá etí sí i?" Láti kékeré ni mo ti ń rí fìlà yìí, ṣíṣẹ́ etí rẹ̀ sókè fún oge nìkan ni mo mọ̀. Àwọn ará Rọ́ṣíà náà ní irú rẹ̀, ushanka, inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe etí ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá. Gọ̀bì àti ìkòrì kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, òkè etí ni wọ́n mọ.

Ti bàbá mi kò wọ̀ mí lórí, àrán ni wọ́n sì fi rán an. Bí òjò bá kán sí àrán, ojú rẹ̀ kì í tẹ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Mo pinnu láti rán tèmi. Ẹtù ni mo mú, torí aró rẹ̀ dúdú débi pé ó bá kóòtù lọ, ó sì jẹ́ aṣọ òkè tí kò ní ti agbádá lójú. Mo fi omi tútù fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin títí omi fi mọ́, kí aró má baà ṣàn sí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

Aṣọ inú ló gba ọgbọ́n. Afẹ́fẹ́ máa ń gba inú ẹtù kọjá, òwú sì ni, bó bá rin, ó tutù. Wúùlù kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bó tilẹ̀ rin díẹ̀, ó ṣì ń móoru. Mo padà sí Kútọ̀ lọ wá súwẹ́tà wúùlù. Ẹni tó ń tà á gbà mí láyè láti fa fọ́nrán kan yọ kí n dáná sí i. Bó bá ń rùn bí irun tó jóná, tó sì di eérú lọ́wọ́, wúùlù ni. Bó bá yọ́ bíi rọ́bà, ẹ fi sílẹ̀. Ìkẹta ni mo rà. Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ń bó o mọ́ra wọn títí ó fi sún kì, tó nípọn bí aṣọ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe sí súwẹ́tà gidi nìyẹn, àmọ́ ohun tí mo ń wá gan-an ni.

Bàbá tó ń rán fìlà ní Ìtokù fi téèpù yí orí mi ká lókè etí, ó jẹ́ íńṣì 22½. Ó ní ká gé e ní 23, torí aṣọ inú yóò jẹ àyè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi aṣọ líle tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ sí apá etí, kó lè tẹ̀. Àkọ́rán etí kúrú. Mo gé bébà, mo fi wọn ara mi títí dé ìsàlẹ̀ etí, mo gbé e padà lọ. Bàbá tú u láìbínú, wọ́n tún un rán.

Ìdájí kan nínú ọyẹ́ oṣù Kejìlá, mo gun ọ̀kadà láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Láfẹ́nwá, mo fa etí fìlà wálẹ̀. Eruku bo ojú mi, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, etí mi móoru.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ní Glasgow, mo bọ́ fìlà náà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo ká a sí àpò kóòtù, mo fún àbúrò mi lápá. Nígbà tí a jáde wá ya fọ́tò, mo ṣẹ́ etí rẹ̀ sókè. Bí ayàwòrán ti parí báyìí, mo fà á wálẹ̀.

Ó wà nínú àpótí bàbá mi báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àrán yẹn. Mo fi káńfọ̀ sí i, torí kòkòrò ajẹṣọ fẹ́ràn wúùlù.