Ẹ Kọ Ẹ̀yìn sí Oòrùn

Ẹ̀yin ará wa ní Àgbádárìgì tí ẹ ń múra ìrìn-àjò lọ sí Ísírẹ́lì àti Jọ́dánì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba àmọ̀ràn kan tí ẹnikẹ́ni kò bi mí. Bí ọkọ̀ yín bá dé Eilat, ìlú etí òkun ní gúúsù Ísírẹ́lì, nírọ̀lẹ́, ẹ má ṣe dúró máa wo ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí, bí gbogbo wa ti máa ń kọjú sí ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ ní etí òkun tiwa níhìn-ín. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ẹ wo àwọn òkè Édómù ní òdìkejì omi, ní ilẹ̀ Jọ́dánì, nítorí pé ara wọn ni ìmọ́lẹ̀ ìkẹyìn ń bà lé: afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ náà là kọjá ti fọ́n àwọ̀ búlúù rẹ̀ ká, èyí tó pupa ló ṣẹ́kù, òkè gbígbẹ tí kò wu ojú rárá lọ́sàn-án yóò sì wá rí bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. (Pupa náà sì ni Édómù túmọ̀ sí.) Kì í pẹ́ rárá, nítorí náà, ẹ ti wà níbẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí oòrùn tó wọ̀. Bí ẹ bá ń ya fọ́tò, iná fóònù yín kò lè dé òkè náà. Ẹ pa á. Ẹ mú aṣọ òtútù dání, nítorí aṣálẹ̀ máa ń tutù kíákíá bí ilẹ̀ bá ti ṣú.