Iṣẹ́ ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ ìyá ìkókó, ẹ má gba ọmọ

Kò sí àdúgbò n'Íbàdàn tí irú wọn ò sí: ọmọdébìnrin tó bímọ sílé bàbá rẹ̀ tí ẹni tó fún un lóyún ò yọjú mọ́, opó tó ń kiri ọjà ní Bódìjà tòun ti ọmọ lẹ́yìn, tọkọtaya tí onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde. Bí àánú bá ṣe wá, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé a ó gba ọmọ. "Gbé e wá, lọ sinmi." Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó dáa. Bó bá di ojoojúmọ́, ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ò mọ ọmọ tọ́, ọmọ náà ò sì ní mọ ẹni tó lè fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọwọ́ nílò ẹnì kan, ó kéré tán, tó máa ń dáhùn bó bá ké. Ìrànlọ́wọ́ wa ni kí ìyá rẹ̀ lè jẹ́ ẹni náà.

Ikùn ìyá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá a pọnmi, ẹ bá a fọ aṣọ ọmọ, ẹ ro àmàlà fún un, kí ẹ sì dúró tì í títí tó fi máa jẹun yó. Bí ẹ bá ń fọṣọ lọ́wọ́, kí òun gbé ọmọ sí ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí. Ọ̀rọ̀ bíi "ta ló rán ẹ níṣẹ́?" máa ń dójú tì í, ìtìjú ọ̀hún ni yóò sì mú kó máa sá fún wa lásìkò tó nílò wa jù.

Bó bá ti jẹun, ẹ jókòó kí ẹ jọ máa wo ọmọ. Ọmọ tó ń yí ẹnu kiri tàbí tó ń ti ọwọ́ bọ ẹnu ti ń wá ọmú kó tó sunkún rárá. Èyí tó bá ń gbójú kúrò fẹ́ sinmi eré ni, kì í ṣe pé ó kọ ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ìyá tí ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́ máa ń rò nìyẹn. Ẹ bi í pé, "Kí lo rò pé ó ń fẹ́ báyìí?" Bó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kó mọ̀: "Wò ó, gbàrà tó o sọ̀rọ̀ ló dákẹ́." Láàárín ọdún 1954 sí 1955, Mary Ainsworth, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, ń lọ láti ilé dé ilé ní Uganda, ó ń wo àwọn abiyamọ àti ọmọ wọn. Ó rí i pé ọmọ àwọn ìyá tó lè ròyìn ìṣe ọmọ wọn fínnífínní ni ọkàn wọn sábà máa ń balẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni apá kan ìmọ̀ yìí ti hù.

Nígbà tó bá yá, ẹ fi ìfararora ìyá àti ọmọ yìí sínú iṣẹ́ òòjọ́ ìyá. Ìgbà ìwẹ̀ ló wù mí jù, torí kò náni lówó. Kí ìyá máa ki ọmọ bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́, Àyìnkẹ́ tàbí Àjàní, kó wá dánu dúró díẹ̀, kó wojú rẹ̀. Ọmọ á ta ẹsẹ̀ tàbí kó dún. Kí ìyá tún dá a lóhùn. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Edward Tronick, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn ìyá kàn máa wo ọmọ wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìrẹ́rìn-ín, láìfọhùn. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sí wọn, nígbà tó yá wọ́n gbójú kúrò, àwọn mìíràn bú sẹ́kún. Lójú tèmi, ojú tó lẹ̀ mọ́ fóònù ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí lójú ọmọ. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn dẹ́rù ba ìyá. Kò sí abiyamọ tó ń dáhùn nígbà gbogbo. Kó ṣáà padà wá tu ọmọ nínú.

Ẹ̀yìn ìyá dára fún ọmọ ọlọ́jà, àmọ́ ọmọ tó wà lẹ́yìn ò rójú ìyá. Nígbàkigbà tó bá tú ọ̀já, kó kọ́kọ́ wojú ọmọ, kó bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀ kó tó kó ọjà rẹ̀ tò.

Bó bá ń gbé ọmọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, kó má yọ́ lọ. Kó dágbére, ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́: "Mò ń lọ ọjà, màá padà wá mú ẹ." Ọmọ lè sunkún, kò burú. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló fẹ́ fi í sí, kó bá wọn gbé fọ́jọ́ bíi mélòó kan ná, kó sì fi ìró tó ti ń ró sílẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè wà nítòsí ọmọ. Bàbá náà lè wẹ ọmọ, ó lè ki ọmọ.

Bí ó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí inú ìyá ò dùn, tí kò lè sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn, tàbí tó ń sọ pé ọmọ yìí ò wu òun, àìsàn ni; kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àjẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣèwádìí lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlera alábọ́dé ṣe lè tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń bá aboyún àti ìyá ìkókó jà. Nítorí náà, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ dára láti bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́. Ẹ tẹ̀ lé e lọ, kí ẹ sì bá a gbé báàgì. Ṣùgbọ́n bó bá ní òun fẹ́ kú, tàbí òun fẹ́ ṣe ọmọ léṣe, ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ àjẹsára. Ẹ mú un lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òru.