Inú rírun tí kò lọ: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wádìí kẹ́ ẹ tó lọ rí dọ́kítà

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde, tó sì ti ń wọ oṣù kan, ẹ má kàn pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí kẹ́ ẹ wá máa da àgbo mu ṣáá. Ó lè jẹ́ Crohn's tàbí ulcerative colitis, àwọn méjèèjì tí wọ́n ń pè ní IBD, ìyẹn àìsàn ìfun wíwú tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Colitis, ìfun ńlá ló ń mú, Crohn's lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí.

Kò sí ohun kan ṣoṣo tá a lè ní òun ló fà á. Ohun tí ara fi ń bá kòkòrò jà ló yíjú sí ìfun, ìfun á wú, á sì dégbò. Kì í ṣe ṣúgà tẹ́ ẹ jẹ, kì í sì í ṣe ìrònú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrònú lè mú kó tún gbérí.

Ẹ mú bírò, ẹ kọ àwọn nǹkan yìí sílẹ̀ fún dọ́kítà. Ẹ bi àwọn ará ilé, bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, bóyá ẹnì kan ti ní in rí, torí ó máa ń rìn nínú ẹbí, àmọ́ ọ̀pọ̀ tó ní in ò ní ẹbí kankan tó ní in o. Ẹ kọ ọjọ́ orí yín, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 15 sí 35, torí náà ẹ má sọ pé ẹ ṣì kéré sí i.

Sìgá ńkọ́? Ó ń dá kún ewu Crohn's, ó sì ń mú kó le sí i. Colitis lè yọjú lára ẹni tó ti jáwọ́ ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn padà sí i rárá, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ló máa bà jẹ́.

Ẹ kọ orúkọ oògùn ara ríro tẹ́ ẹ ń rà ní kẹ́mísì náà, ibuprofen, diclofenac, àti bó ṣe pẹ́ tó, torí wọ́n lè ta àìsàn ìfun náà jí. Áńtíbáyótíìkì tẹ́ ẹ lò gan-an ní kékeré náà ń bẹ lára ohun tí wọ́n fura sí.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dọ́kítà, ẹ ní kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ yín wò fún amoeba, ìyẹn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kí wọ́n sì wo TB inú ìfun, ó jọ Crohn's gan-an, oògùn Crohn's sì lè mú kí TB ràn káàkiri ara.